Ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ìjọba tàbí iṣẹ́ sójà: kí la máa kọ́ wọn kí wọ́n tó kúrò n'Íléṣà?

Olùkọ́ Ìmọ̀, Iléṣà
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ọmọ Ọbòkun tó wà lókè òkun. Tí a bá bi àwọn ọmọ SS2 níbí léèrè iṣẹ́ tó wù wọ́n, sójà, nefì àti iṣẹ́ ìjọba kì í jìnnà sẹ́nu wọn. Àwọn kan ní òbí l'Ámẹ́ríkà tàbí n'Ílùú Ọba tó ń ṣètò láti mú wọn lọ. Kí ló yẹ kí wọ́n ti mọ̀ láti ilé? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó dájú ni kí ẹ sọ, ẹ má sọ "mo gbọ́ pé".

Ìyá Ìbejì, Houston
Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Ìwé ìgbélùú ló ń pín ọ̀nà, kí ọmọ tó dé orí ìdánwò rárá. Ọmọ tó fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wọ Amẹ́ríkà kò lè wọ iṣẹ́ ológun wọn. Ẹni tó ní gírín káàdì, ìwé ìgbélùú títí lọ, lè wọlé bíi sójà, ṣùgbọ́n wọn kì í fi gírín káàdì ṣe ọ́físà. Ó di ìgbà tó bá di ọmọ orílẹ̀-èdè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà lórí USAJOBS, ìkànnì tí wọ́n ti ń kéde wọn.

Ìdánwò iṣẹ́ ológun wọn ni ASVAB. Ilé ìwé girama ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣe é, láti kíláàsì kẹwàá sí ìkejìlá, lọ́fẹ̀ẹ́. Kí òbí má bẹ̀rù: ọmọ tó jókòó ṣe é níléèwé kò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan, ilé ìwé sì lè ní kí wọ́n má fi èsì ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gba ọmọ síṣẹ́ ológun.

Máàkì rẹ̀ ló máa ń da èèyàn láàmú. 50 kì í ṣe ìdajì ìbéèrè. Tí ẹ bá to ọgọ́rùn-ún èèyàn tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n sórí ìlà, ọmọ tó gba 50 ti bá àádọ́ta nínú wọn dọ́gba tàbí kó kọjá wọn. Apá mẹ́rin péré ni wọ́n fi ń ṣírò máàkì yẹn: ìṣirò oníṣòro, mátímátíìkì, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, àti kíka àyọkà. Ẹ fi ti mọ́tò àti iná mànàmáná sílẹ̀ ná, àyọkà ni kí ẹ máa fún wọn kà. Tí kò bá gbà á, ó di oṣù kan kó tó tún un ṣe, oṣù kan sí i fún ẹ̀ẹ̀kẹta, lẹ́yìn ìyẹn oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Èsì tí wọ́n á fi wọṣẹ́ kì í kọjá ọdún méjì.

Bọ̀dá Ìṣọ̀kùn, Maryland
Ẹ jẹ́ kí n fi ti SF-86 kún un, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ilé wa ti máa ń lọ́jú. Fọ́ọ̀mù ìwádìí ni, fún iṣẹ́ tó bá kan àṣírí ìjọba. Ó ń béèrè gbogbo ibi tí èèyàn gbé fún ọdún 10 láìsí àlàfo, ó sì ń béèrè ẹbí: orúkọ, ọjọ́ ìbí, ìlú ìbí, ibi tí wọ́n wà báyìí.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ àbúrò bàbá náà "ẹ̀gbọ́n mi" ni. Fọ́ọ̀mù yẹn kò mọ ìyẹn. Ọmọ ìyá, ọmọ bàbá, ìyàwó bàbá, gbogbo wọn ló ní àyè tirẹ̀. Ọmọ tó bá kọ ọmọ ìyá rẹ̀ méjì, tó fo ọmọ bàbá márùn-ún tó wà ní Iléṣà, ó ti fi nǹkan pamọ́ nìyẹn lójú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ ìgbàgbé. Pé ẹbí wà ní Nàìjíríà kọ́ ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ o, irọ́ ni. Kí ọmọ kọ ojúlé, àdúgbò, ọdún tó wọ̀ ọ́, ọdún tó jáde, sínú ìwé àjákọ kan báyìí. Ìjẹ̀ṣà kì í rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko.

Àǹtí Ìjọka, Manchester
Tiwa n'Ílùú Ọba yàtọ̀ díẹ̀. Ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì lè béèrè fún iṣẹ́ sójà ilẹ̀ Bírítéènì láìtíì di ọmọ orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Kó ti pé ọdún 18. Wọ́n máa ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn, wọ́n sì máa ń tì í, torí iye tí wọ́n ń gbà ní òdiwọ̀n.

Ní ti Civil Service, iṣẹ́ ìjọba níbí, ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì tó ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ níbí lè béèrè fún ọ̀pọ̀ ipò. Ìwádìí ààbò tí wọ́n ń pè ní SC, fún iṣẹ́ tó bá kan àṣírí ìjọba, sábà máa ń fẹ́ kéèyàn ti gbé ibí tó ọdún 5. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ̀wé ló ń gbé àwọn ọmọ wa ṣubú. Wọ́n á ní kó fi nǹkan bí ọ̀rọ̀ 250 ṣàlàyé ohun kan tó ṣe. Ọmọ tí a ti kọ́ pé kó má yin ara rẹ̀ á kọ ọ́ báyìí: "a ṣètò ìpàdé, a parí ìjà." Máàkì kò sí níbẹ̀. "Mo" ni wọ́n ń wá: kí ló ṣẹlẹ̀, kí ni iṣẹ́ tèmi, kí ni mo ṣe, kí ló jáde nínú rẹ̀. Ìlàjì ọ̀rọ̀ náà kí ó wà lórí "kí ni mo ṣe". Ẹ fi ipò olórí kíláàsì kọ́ wọn.

Bọ̀dá Òkè-Ẹ̀sọ̀, Kàdúná
Ẹ má gbàgbé àwọn tí kò lọ ibì kankan o. NDA níbí, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ́físà ológun Nàìjíríà, ń fẹ́ ọmọ ọdún 17 sí 21 tí kò tíì ṣe ìgbéyàwó, tó ga tó mítà 1.68 tó bá jẹ́ ọkùnrin, 1.65 tó bá jẹ́ obìnrin. Fọ́ọ̀mù méjì ni: ti JAMB, tó ti fi NDA ṣe àkọ́kọ́, àti ti NDA fúnra rẹ̀. Ẹni tó ṣe JAMB nìkan, orúkọ rẹ̀ kò sí níbí rárá.

Ìwé ìjọba ìbílẹ̀ ńkọ́? Ìlú bàbá ni, kì í ṣe àdúgbò tí ọmọ ń gbé. Ọmọ Ìmọ̀ tí bàbá rẹ̀ wá láti Ìbòkun, Ìjọba Ìbílẹ̀ Obòkun ló ń lọ. Ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ń lọ sí Oríadé. NIN, WAEC àti JAMB sì gbọ́dọ̀ ní orúkọ kan náà, bákan náà ni wọ́n ṣe tò ó. Fọ́ọ̀mù kúrúùtù sójà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ń tà á, afẹ́fẹ́ ló ń tà.

Olùkọ́ Ìmọ̀, Iléṣà
Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kan ṣẹ́kù: àwọn ọmọ tí jẹnotáìpù wọn jẹ́ AS ń bẹ̀rù pé wọn ò ní gbà wọ́n.

Ìyá Ìbejì, Houston
Níbí, AS kò dí wọn lọ́wọ́, SS ló ń dí i. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, torí ẹni tó jẹ́ AS lè ṣubú tó bá sáré àsápajúdé nínú ooru láìmu omi. Kí wọ́n máa fi eré kúkúrú bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí, kí wọ́n máa sinmi láàárín, kí wọ́n mu omi kó tó di pé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Àsìmá tó ṣì ń dà wọ́n láàmú lẹ́yìn ọdún 13 ni kí wọ́n tètè gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n sì tọ́jú ìwé ilé ìwòsàn.