Àbọ̀ lórí ọ̀rọ̀ iye ọjà tí mo bi yín

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ará. Ẹ ó rántí pé mo bi yín bóyá kí n máa pe iye ọ̀tọ̀ fún oníbàárà tó gbé mọ́tò wá sí ṣọ́ọ̀bù ìrẹsì àti ẹ̀wà mi ní Bódìjà, kí n sì pe iye ọ̀tọ̀ fún ẹni tó fẹsẹ̀ rìn wá.

Iye kan náà ni mo mú. Mo kọ ọ́ sí pátákó níwájú ṣọ́ọ̀bù, láti orí àpò dé ààbọ̀ kóńgò. Ẹni tó bá ra àpò ló ń rí ẹ̀dínwó. Àwọn onímọ́tò tí mo rò pé wọn ò ka owó sí gan-an ló ń ya fọ́tò pátákó náà!

Àwọn tó ń ra díẹ̀díẹ̀ ńkọ́? Kóńgò ló ń kọ wọ́n lóminú. Wọ́n ti rí èyí tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú rí. Torí náà, ẹni tó bá gbé kóńgò tirẹ̀ wá, òun la ó fi wọ̀n ọ́n. Ìyá kan tó ń se ẹ̀wà tà fi tirẹ̀ dán tiwa wò, ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú aládùúgbò rẹ̀ wá.

Sniper, oògùn apakòkòrò tí àwọn kan ń fi sínú ẹ̀wà, ni ẹ̀rù àwọn olówó (NAFDAC náà ti kìlọ̀ fún àwa ọlọ́jà). Inú kẹ́ẹ̀gì tí mo dé pinpin ni mo ń kó tèmi sí láìfi oògùn sí i, mo sì ń ṣí i fún wọn wò.

Àwìn nìkan ló ṣì le. Alhaji kan bínú pé mo ní kó fọwọ́ síwèé bíi ti gbogbo èèyàn. Nígbà tó yá, ó san án, ó sì tún gbé àpò ìrẹsì míì.

Mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé o.