Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lẹ́nu ìntáfíù iṣẹ́ kan ṣoṣo: ẹ sọ tiyín

Onísùúrù
Ẹ̀yin ará, ìpele méje ni wọ́n mú mi gbà. Ti fóònù, ti ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, ti iṣẹ́ àṣetiléwá, ti àwọn márùn-ún tó dojú kọ mí lẹ́ẹ̀kan náà. "Sọ fún wa nípa ara rẹ" ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀, àfi bíi pé wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ìtàn ara mi ti sú èmi gan-an. Lọ́jọ́ ìpele kẹfà, orí fídíò ni. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo lọ̀ dáadáa sókè, ṣòkòtò péńpé nísàlẹ̀. Atẹ́gùn ṣí ilẹ̀kùn, mo dìde lọ tì í. Ìgbà tí mo padà jókòó ni mo rí ọ̀gá kan tó fọwọ́ bo ẹnu. Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ìlà méjì péré ni wọ́n kọ sí mi: àwọn ti dá ìgbanisíṣẹ́ dúró ná.

Tanímọ̀la
Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá kẹ̀? Ẹ ti fi iyọ̀ sí i.

Onísùúrù
Ìmeèlì mọ́kàndínlógún ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹ wá kà á.

Ìyá Ìbejì
Ṣòkòtò péńpé! Ẹ̀rín pa mí o 😂

Akọ̀wé Òru
Iṣẹ́ àṣetiléwá yẹn ló dùn mí. Òru mẹ́ta ni mo fi ṣe tèmi, bí wọn yóò ṣe máa polówó ọjà tuntun. Wọn ò gbà mí. Lóṣù kejì, mo rí àwòrán tí mo yà lójú ìwé wọn, wọ́n kàn yí àwọ̀ ewé rẹ̀ sí búlúù. Àṣìkọ tí mo ṣe pàápàá ṣì wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Àṣìkọ náà?! Olè tí ò lè tún ẹrù dì.

Agbanisíṣẹ́ Tẹ́lẹ̀
Kì í ṣe olè ni gbogbo wa o. Ẹni tó fẹ́ gbà yín ń bẹ̀rù kí ẹ̀bi má já lé òun lórí, ló fi ń ní kí ẹlòmíràn tún rí yín. Google pàápàá yẹ àkọsílẹ̀ ara wọn wò, wọ́n rí i pé ìntáfíù mẹ́rin ti tó.

Tanímọ̀la
Àwọn tó ń béèrè iye bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù tó lè wọ inú ọkọ̀ òfurufú?

Agbanisíṣẹ́ Tẹ́lẹ̀
Laszlo Bock tó ń rí sí ètò òṣìṣẹ́ wọn nígbà náà ti sọ lọ́dún 2013 pé ìfàkókòṣòfò lásán ni.

Adélébọ̀
Ẹ máa béèrè owó oṣù lọ́jọ́ kìíní.

Akọ̀wé Òru
Kí wọ́n lè pè mí ní olójúkòkòrò?

Adélébọ̀
Kí ni ẹ bá lọ síbẹ̀? Ìpele karùn-ún ni mo tó gbọ́ iye tiwọn. Kò tó èyí tí mo ń gbà níbi tí mo wà.

Onísùúrù
Ẹ gbọ́, wọ́n tún kọ̀wé láàárọ̀ yìí. Ọ̀gá ẹ̀ka tuntun ti dé, ó fẹ́ bá mi ṣe "ìjíròrò ráńpẹ́".

Ìyá Ìbejì
Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn yẹn kí ẹ tó jókòó.

Tanímọ̀la
Ó pé ogún nìyẹn. Mo ti gbà, ẹ ò fi iyọ̀ sí i.