Aláàmù iná ọ́fíìsì ti sọ mí di ọ̀tá gbogbo èèyàn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tòbí, Ìbàrà: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi pátápátá. Láti ìgbà tí ọ̀gá ti ní kí n máa dán aláàmù iná wò lọ́fíìsì wa, kò sẹ́ni tó ń fi ojú rere wò mí mọ́. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́. Akáúńtáǹtì ní mò ń fi ariwo lé oníbàárà. Ọmọ tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì nísàlẹ̀, ọmọ tí mo lè bí, ó bú mi lójú gbogbo ayé. Bẹ́ẹ̀ wọn ò fi kọ́bọ̀ kún owó oṣù mi. Páńẹ́ẹ̀lì, ẹ̀rọ ara ògiri tó ń darí aláàmù náà, tún ń ké píì, píì, látàárọ̀ ṣúlẹ̀, mo ti fi sẹ́lótéèpù dí ojú ibi tó ti ń ké. Ṣé mi ò lè sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kí n lè rójú?

Oníwáyà Àṣerò: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ ro ẹjọ́ akáúńtáǹtì tán, ẹ ò sọ iná tó ń tàn lójú páńẹ́ẹ̀lì. Ṣé pupa ni àbí yẹ́lò? Kí ni wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Pupa túmọ̀ sí pé ó gbọ́ iná. Yẹ́lò túmọ̀ sí pé nǹkan kan ń ṣe ẹ̀rọ náà. Kẹ́ ẹ lè wá wò ó ló ṣe ń ké. Ẹ ṣí sẹ́lótéèpù yẹn kúrò.

Sáfẹ́tì Òkè-Mosàn: Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni, mà. Ohun tí BS 5839-1, ìlànà aláàmù iná ti ìlú ọba, sọ nìyẹn: àpótí pupa kan (èyí téèyàn ń tẹ̀ kí aláàmù lè dún) lọ́sẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, lákòókò kan náà, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ní ti àwọn tó ń bú yín, ẹ lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà: "Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá, ìdánwò ni. Bó bá ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹ jáde." Ẹ tún fi ohùn sọ fún wọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú. Èyí tó ń bá èèyàn lójijì ló ń bíni nínú.

Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì: Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ti pọ̀ jù! NFPA 72, ìlànà ti Amẹ́ríkà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń dán àpótí wọ̀nyẹn wò. Ẹ jẹ́ kí obìnrin yìí sinmi.

Sáfẹ́tì Òkè-Mosàn: Ẹ̀gbọ́n, ìlànà tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ lẹ máa tẹ̀ lé, ó máa wà nínú ìwé tí wọ́n fi lé wọn lọ́wọ́. Ẹ ò lè mú ìdánwò láti Amẹ́ríkà kẹ́ ẹ mú wáyà láti ìlú ọba. Kò sì sí èyí tó ní ká fi sẹ́lótéèpù dí i nínú méjèèjì.

Ìyá Tòbí, Ìbàrà: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí mi jà. Yẹ́lò ni, méjì ló ń tàn. Ọ̀kan "General Fault", èkejì "PSU Fault". Àpótí ẹnu ọ̀nà nìkan ni mo ń tẹ̀, òun ló sún mọ́ tábìlì mi. Mẹ́sàn-án ni gbogbo wọn. Ó sì ń dún dáadáa, kí lẹ tún fẹ́?

Oníwáyà Àṣerò: Èyí tẹ́ ẹ ń tẹ̀ nìkan lẹ mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, ẹ ò mọ nǹkan kan nípa mẹ́jọ tó kù. Ẹ fi nọ́ńbà sára wọn, 1 dé 9, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lẹ máa fi yí wọn ká. Ẹ má fọ́ gíláàsì. Kọ́kọ́rọ́ ìdánwò ni kẹ́ ẹ tì bọ ihò abẹ́ àpótí. Kí ẹnì kan dúró ti páńẹ́ẹ̀lì, kí ẹlòmíì lọ gbọ́ agogo nínú ilé ìgbẹ́, nínú sítọ́ọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ẹ tẹ "Silence", ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ tó tẹ "Reset". Bẹ́ ẹ bá tẹ "Reset" nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà níbẹ̀, á tún bú ariwo, akáúńtáǹtì á sì tún dìde. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kọ ọjọ́, aago, nọ́ńbà àpótí àti ohun tẹ́ ẹ rí sínú ìwé. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sun bébà lábẹ́ détẹ́ẹ̀tọ̀, èyí tó ń mọ̀ bí èéfín bá wà, láti fi dán an wò, èéfín dúdú rẹ̀ á bà á jẹ́; agolo tí wọ́n ṣe fún un wà.

PSU Fault yẹn, ìyẹn àléébù níbi tí páńẹ́ẹ̀lì ti ń gba iná, ló ń kọ mí lóminú. Ẹ pa iná NEPA páńẹ́ẹ̀lì, ẹ wò ó bóyá bátìrì á gbé e.

Ìyá Tòbí, Ìbàrà: Bátìrì wo? Kò sí bátìrì níbẹ̀ o. Ọ̀gá ti ní kí wọ́n yọ méjèèjì láti oṣù Kejìlá, UPS kaṣíà ni wọ́n fi wọ́n sí. Iná máa ń wà nígbà tí mo bá ń dán an wò, tàbí ká tan jẹ́nẹ́. Aago márùn-ún la ń pa jẹ́nẹ́. Mi ò mọ̀ pé ìyẹn kan ọ̀rọ̀ yìí.

Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì: Háà! Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ta ló ń sùn níbẹ̀ lóru?

Ìyá Tòbí, Ìbàrà: Ọlọ́dẹ àti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n wà, níbi tá à ń kó díísù jẹ́nẹ́ sí. Ṣé kí n yọ bátìrì UPS padà?

Oníwáyà Àṣerò: Rárá o, UPS ti lò ó gbó. Tuntun méjì, oríṣi kan náà: volt 12, 7Ah ló wọ́pọ̀, àmọ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sínú páńẹ́ẹ̀lì. Wáyà pupa páńẹ́ẹ̀lì sí pọ́sítíìfù èkíní, dúdú sí nẹ́gétíìfù èkejì, kí wáyà kúkúrú so nẹ́gétíìfù èkíní mọ́ pọ́sítíìfù èkejì. Volt 24 nìyẹn. Bí wọ́n bá so pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, 12 péré ni. Tó bá ti gba iná tán, mítà á fi nǹkan bíi 27 hàn. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ fi í sí ara rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó bá pé ọdún mẹ́rin, kó má tó bẹ́ẹ̀ bí páńẹ́ẹ̀lì bá wà níbi tó ń gbóná.

Sáfẹ́tì Òkè-Mosàn: Lónìí, kí wọ́n kó díísù yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọmọ ń sùn sí. Ẹ sọ fún ọlọ́dẹ pé aláàmù ò ní dún bí iná NEPA bá lọ lóru, kó má ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa, kó sì mọ 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, sórí.

Ìyá Tòbí, Ìbàrà: Mo ti lọ bá ọ̀gá. Ó ní ká dúró dìgbà tí oṣù bá parí.

Sáfẹ́tì Òkè-Mosàn: Ẹ ṣí ìwé ìdánwò yẹn. Ẹ kọ ọjọ́ òní, "kò sí bátìrì, mo sọ fún ọ̀gá", ẹ kọ èsì tó fún yín, ẹ ní kó buwọ́ lù ú.