Màmá ò sùn lóru mọ́, ẹni tó ń tọ́jú wọn sì ti fẹ́ lọ. Ṣé iṣẹ́ yìí ṣeé kọ́?

Ọmọ Alhaja Aláṣọ

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń wá ìmọ̀ràn, pàápàá lọ́dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú òbí tó ní àrùn ìgbàgbé rí.

Màmá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Aṣọ ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn tà, láti ọjà Gbági àtijọ́ títí dé Gbági tuntun. Dókítà ti sọ fún wa pé dimẹ́ńṣíà ló ń ṣe wọ́n. Ìgbàgbé yẹn ti mọ́ wa lára, òru ló fẹ́ pa wá. Bí wọ́n bá ti kí ìrun Màgáríbì tán ni ara wọn ò ní balẹ̀ mọ́. Wọ́n á máa rìn káàkiri pálọ̀, wọ́n á ní ká mú àwọn lọ sílé, bẹ́ẹ̀ inú ilé tí bàbá wa kọ́ sí Òkè-Àdó náà la wà. Bó bá di aago méjì òru, wọ́n á wé gèlè, wọ́n á gbé báàgì kọ́ apá, wọ́n á dúró sẹ́nu géètì onírin, wọ́n á máa mi àgádágodo: "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi, àwọn oníbàárà mi ti ń dúró." Tó bá wá di ọ̀sán, oorun lórí àga níwájú tẹlifíṣọ̀n, títí di ìrọ̀lẹ́.

Tíṣà ni mí, mo ti máa ń kúrò nílé kí aago méje àárọ̀ tó lù. Ọmọbìnrin tí a gbà láti máa tọ́jú wọn kéré lọ́jọ́ orí. Ó láàánú gan-an, àmọ́ kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́ yìí rí. Yóò máa bá Màmá jiyàn pé "Ìyá, kò sọ́jà kankan, òru ni!", ibẹ̀ ni ariwo á ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti ní tóṣù yìí bá parí, òun ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí n máa fún Màmá ní oògùn oorun Valium kí gbogbo wa lè rí oorun sùn. Ọkàn mi ò gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè kọ́ ọmọ yìí?

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà

Ẹ kú ìtọ́jú o. Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́. Valium kẹ̀? Ẹ má dán an wò! Bàbá ọkọ mi lo oògùn oorun tí ẹnì kan lọ rà fún wọn láìgba ìwé dókítà. Wọ́n dìde lóru láti lọ tọ̀, ojú wọn ò tíì là dáadáa, ni wọ́n bá ṣubú, egungun ìbàdí kán. Wọn ò fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn mọ́ títí wọ́n fi kú.

Apòògùn Àpáta

Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Valium máa ń pẹ́ lára àgbàlagbà ju lára ọ̀dọ́ lọ. Ẹsẹ̀ wọn ò ní mọ́lẹ̀ dáadáa, iyè wọn á sì tún dàrú sí i. Piriton tí àwọn èèyàn máa ń fún àgbà "kó lè sùn" náà ò dáa. Ó máa ń dí ohun kan lọ́wọ́ nínú ọpọlọ tí a fi ń rántí nǹkan, àrùn yìí sì ti dín ohun náà kù tẹ́lẹ̀.

Sístà mi, tí Màmá bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ wo àwọn oògùn náà. Tó bá ní èyí tó ń mú èèyàn tọ̀ nínú wọn, tó sì jẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń lò ó, ẹ bi dókítà bóyá ó ṣeé gbé sí àárọ̀. Ẹ má dá a yí padà fúnra yín o. Ṣé Màmá ṣì ń jẹ obì? Ohun tó ń lé oorun lọ nínú kọfí wà nínú obì dáadáa. Tí wọ́n bá máa jẹ ẹ́ rárá, kó jẹ́ àárọ̀.

Àdúrà Ló Jù

Ẹ má bínú sí mi o. Àgbàlagbà tó ń jí ní aago méjì òru tó ń fẹ́ jáde, ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Ẹ gbà á ládùúrà, ọwọ́ ayé lè wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá

Àdúrà dára, ẹ máa gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ẹnu ṣọ́ra. Àwọn ìyá àgbà kan ti jìyà àjẹ́ tí wọn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, torí irú ìrìnkiri òru báyìí, ó sì máa ń dùn mí wọnú egungun. Ọpọlọ ló ń ṣàìsàn. Níbí ní Ìbàdàn gan-an, láti 1992 ni àwọn dókítà ilé ìwòsàn UCH, irú Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì, àti àwọn ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè wò ní àdúgbò Ìdíkàn. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé àwọn tí àrùn yìí ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dọọdún níbí kò tó ìdajì ti àwọn adúláwọ̀ ní Indianapolis: 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ wa, 3.24 lọ́dọ̀ tiwọn. Ó kéré, àmọ́ ó wà láàárín wa.

Ọmọ Alhaja, ó ṣeé kọ́. Ní 2005, Susan McCurry àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington kọ́ àwọn ará ilé tó ń tọ́jú aláìsàn bẹ́ẹ̀, àwọn aláìsàn náà ò sì jí lóru tó bí wọ́n ṣe ń jí tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn ti Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Lọ́ńdọ̀nù náà ṣe irú rẹ̀, èsì tiwọn jáde ní 2024. Ìjókòó mẹ́fà péré ni ẹ̀kọ́ náà, àwọn tó kọ́ni kì í sì í ṣe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ tíṣà lè kọ́ ọmọ yìí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó yé e ni pé ojúmọmọ la ti ń tọ́jú oorun òru. Ibì kan wà nínú ọpọlọ tó ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti mọ́, ilẹ̀ ti ṣú. Àrùn yìí ń ba ibẹ̀ jẹ́, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló sì máa ń ràn án lọ́wọ́ jù. Ẹni tó bá jókòó sínú pálọ̀ tí kọ́tìnnì bò látàárọ̀, báwo ni ara rẹ̀ ṣe máa mọ̀ pé ọ̀sán ni? Kí wọ́n jí Màmá fún ìrun Àsùbáà ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, ì báà jẹ́ pé wọn ò sùn dáadáa. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, kí oòrùn tó le, kí àwọn méjèèjì jáde rìn ládùúgbò fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí wọ́n bá fẹ́ rẹjú, kó jẹ́ kí aago kan ọ̀sán tó lù, kó má sì ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ.

Kí ni wọ́n máa fi ọ̀sán yòókù ṣe? Aláṣọ ni wọ́n! Ẹ tú àǹkárá àti lésì tó wà nílé sílẹ̀, kí wọ́n máa ká a, kí wọ́n máa fi apá wọ̀n ọ́n ní ọ̀pá-ọ̀pá, kí ọmọ náà jókòó tì wọ́n kó máa ná ọjà. Ọwọ́ kì í tètè gbàgbé iṣẹ́ tó ṣe fún ogójì ọdún. Mo ti rí ìyá kan tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́, tó ṣì ń ká aṣọ etí sí etí láìsí ìhunjọ kankan.

Ti òru wá ńkọ́? Ẹ jọ ṣe é bí eré. Kí ẹ̀yin jẹ́ Màmá, kí ẹ wé gèlè, kí ẹ dúró sẹ́nu géètì. Kí ọmọ náà gba iwájú wá, kì í ṣe ẹ̀yìn, kó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé: "Alhaja, ẹ kú ìmúra o. Ọjà ò tíì ṣí. Ẹ jẹ́ ká lọ tọ̀ ná, ká mu omi díẹ̀." Kò sírọ́ níbẹ̀, Gbági kì í ṣí ní aago méjì òru. Kó wo ojú wọn: ṣé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n wọ́n ni, àbí ebi, àbí orúnkún ló ń ro wọ́n, àbí òkùnkùn ló ń dẹ́rù bà wọ́n? Ẹ tan iná sólà kékeré sí ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́jú, kí ibẹ̀ má bàa ṣókùnkùn tí wọ́n bá mú iná lọ.

Ọmọ Alhaja Aláṣọ

Ẹ ṣé gan-an, Nọ́ọ̀sì. Mo ti fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi nípa Valium yẹn. Ó ku ìbéèrè kan: ṣé kí n ṣì máa ti géètì? Ọmọ yẹn fúnra rẹ̀ ńkọ́, ìgbà wo ló fẹ́ sùn?

Àbíkẹ́yìn Bàbá, Àkóbọ̀

Ẹ máa tì í, àmọ́ kí kọ́kọ́rọ́ wà níbi tí ẹni tó bá jí máa ti tètè rí i, kí ẹ má sì ti Màmá mọ́lé ní àwọn nìkan láé, nítorí iná. Àwa so agogo kékeré mọ́ ilẹ̀kùn yàrá Bàbá, ìyẹn ló ń jí wa, a ò ní láti la ojú sílẹ̀ mọ́jú mọ́.

Ti oorun ọmọ náà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ni wọ́n lára. Ẹni tó bá ṣọ́ òru ò gbọdọ̀ ṣọ́ ọ̀sán tó tẹ̀ lé e. Kò sí ẹ̀kọ́ tó lè ṣiṣẹ́ lára ẹni tí oorun ń pa. Kí ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù san owó ẹnì kejì tó máa wá lọ́sàn-án, ẹ̀yin náà ẹ gba òru ọjọ́ tí kò sí iléèwé lọ́jọ́ kejì. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ fún ọmọ náà, kó máa kọ ìgbà tí Màmá sùn, ìgbà tí wọ́n jí, ohun tí wọ́n jẹ àti ohun tó mú wọn balẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó rí nǹkan tí ojú yín ò tó tẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ọpọlọ pípé. Mo fẹ́ fi èyí kún un: tí ọ̀rọ̀ òru bá ṣàdédé burú láàárín ọjọ́ kan sí méjì, tí ara wọn gbóná, tí ìtọ̀ ń ta wọ́n, tàbí tí wọn ò yàgbẹ́, ẹ má fi sùúrù dúró, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà. Fún àyẹ̀wò tó jinlẹ̀, ẹ̀ka tó wà fún àwọn àgbàlagbà ní UCH, èyí tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè, ti wà láti 2012. Ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ yẹn dání, kí ẹ sì mú ọmọ náà lọ. Tí dókítà bá béèrè bí òru ṣe ń rí, òun ni kí ẹ jẹ́ kó dáhùn.