Kónílé-ó-gbélé 2020 nínú ìwé ìròyìn: ẹ wá sọ bí ẹ ṣe ń kà á

Láti Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀rọ̀ "kónílé-ó-gbélé" gan-an ló máa ń kọ́kọ́ da iṣẹ́ ẹni tó ń ka iye ìròyìn òfin ìgbà kòrónà nínú bébà rú, torí òfin méjì là ń fi pè. Ní ìrọ̀lẹ́ 29 oṣù Kẹta 2020, Ààrẹ Buhari ní kí wọ́n ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa fún ọjọ́ 14, láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò sí níbẹ̀. Tiwa ni pé kí ẹnikẹ́ni má jáde láti aago méje alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀. Bébà Gẹ̀ẹ́sì máa ń pe ti Èkó ní "lockdown", á pe tiwa ní "curfew". Ti Yorùbá lè pe méjèèjì ní kónílé-ó-gbélé. Ẹni tó bá kàn ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde ti po epo mọ́ omi. Òpó méjì ni kí ẹ là sílẹ̀ nínú ìwé tí ẹ ń kọ iye sí: "tọ̀sán-tòru" àti "alẹ́ nìkan".

Bí ẹ bá ń wá a nínú PDF, ẹ wá "konile-o-gbele" tí kò lámì, ẹ wá "ìsémọ́lé" àti "ìgbélé" pẹ̀lú. Bí "kónílé-ó-" bá wà ní ìparí ìlà kan, tí "gbélé" bọ́ sí ìlà kejì, kọ̀ǹpútà lè fò ó. Ojú ni kí ẹ fi kà á.

Láti Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọjọ́ kún un. Ìròyìn àná ni bébà òní ń gbé. Alẹ́ Ọjọ́ Ajé ni òfin ti Èkó yẹn bẹ̀rẹ̀, nígbà tí bébà Ìṣẹ́gun ti wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹni tó ń wá àwòrán òpópónà tó dá páropáro, kó lọ wo ti Ọjọ́rú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 30 oṣù Kẹta, kí ẹ parí sí 3 oṣù Karùn-ún, torí ọjọ́ kẹrin ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn. Ọjọ́ 35 géérégé nìyẹn. Bí bébà bá jẹ́ méjì, ẹ̀dà 70, ẹ kà á tán. Bó bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ lè ṣà. Ẹ kọ Ọjọ́ Ajé márààrún sí pélébé ìwé, ẹ ká wọn, ẹ dà wọ́n sínú abọ́, kí ẹ mú méjì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí kan Àìkú, ẹ̀dà 14 lẹ ó ní fún bébà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má mú ọjọ́ méje tó tẹ̀ léra wọn o. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, 13 oṣù Kẹrin, ni Ààrẹ fi ọjọ́ 14 mìíràn kún un. Ẹni tó bá mú 14 sí 20, ọ̀rọ̀ àfikún yẹn ló máa kún ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ ka iye ojú ewé bébà náà pẹ̀lú. Ìròyìn 10 nínú ojú ewé 24 kì í ṣe ẹgbẹ́ ìròyìn 10 nínú 48.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ìròyìn náà? Èmi ò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìbéèrè yìí. Àkọlé lè ní àwọn ìyálọ́jà ń ké, kí ìpínrọ̀ 11 wà lábẹ́ rẹ̀, kí ìyálọ́jà ní méjì, kí kọmíṣọ́nà ní mẹ́sàn-án. Ìpínrọ̀ ni kí ẹ kà, kì í ṣe àkọlé. Ìyá tó ń ta ata ní ọjà Wàsó, tó jẹ́ pé owó òní ló ń jẹ lónìí, kò yẹ kó sọnù sábẹ́ "àwọn mìíràn". Ẹ fún un ní òpó tirẹ̀.

Ẹni méjì ni kó ka ìròyìn kan náà láìwo ìwé ara wọn. Ká ní ìròyìn 50 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ "ìjọba" sí 40, "ará ìlú" sí 10 yòókù, èrò wọn sì bára mu lórí 44. Ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, àmọ́ kò tíì dára. Bí wọ́n bá dijú kọ ọ́ pàápàá, wọ́n á bára mu ní ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún, torí ìjọba ti pọ̀ jù. Kappa wọn, ìyẹn òṣùwọ̀n ìbáramu tó ti yọ ti èèṣì kúrò, wá jẹ́ 0.20 (0.88 dín 0.68) tí a fi 0.32 (1 dín 0.68) pín, ìyẹn 0.63. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ á fẹ́ 0.80.

Ibi tí wọ́n ti máa ń yapa rèé: ní 30 oṣù Kẹta, Gómìnà Makinde kéde pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé òun ní àrùn kòrónà. Bó bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba ni àbí aláìsàn? Ohun tó ń sọ ni kí ẹ wò. Bó bá jẹ́ lórí ara rẹ̀, aláìsàn. Bó bá jẹ́ lórí òfin, ìjọba. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi 50 mìíràn dán an wò. Wọ́n ti mọ ti àkọ́kọ́ sórí.

Láti Owódé, Ọ̀yọ́

Àbúrò, o káre. Ẹni tó bá kó tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó má dà á pọ̀ mọ́ bébà. Wọ́n lè pààrọ̀ àkọlé lórí ẹ̀rọ láàárọ̀, kò sì sí ojú ewé àkọ́kọ́ tí a lè tọ́ka sí níbẹ̀. Kó ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago tó kà á.