Bí jẹjẹrẹ ọmú bá kọ etí ikún sí oògùn họ́mọ̀nù

Apòògùn:
Kí a tó pariwo pé jẹjẹrẹ ti kọ oògùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá oògùn ń dénú ara. Tamoxifen, ọ̀kan nínú oògùn họ́mọ̀nù yìí, 20 mg lójúmọ́ ni, fún ọdún 5 sí 10. Ooru òjijì tó ń mú kí aṣọ oorun rin gbindin ló ń sú ọ̀pọ̀ obìnrin, wọ́n á wá máa fo ọjọ́. Ẹ ka hóró. Bí wọ́n bá gba 30 lóṣù tó kọjá, tí 11 ṣì wà nínú páálí, ẹ̀bi sẹ́ẹ̀lì kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ tamoxifen di endoxifen, tó lágbára ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Paroxetine àti fluoxetine, tí wọ́n ń kọ fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, máa ń dí ẹ́ńsáìmù CYP2D6 tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́. Venlafaxine kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i. Rifampicin tó wà nínú oògùn ikọ́ ife tún wá burú jù, torí ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára fọ́ tamoxifen dànù.

Láàbù:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀bi tiwa náà wà níbẹ̀. Bí ẹran tí wọ́n gé lára ọmú bá pẹ́ lórí tábìlì, olùgbà ẹ́sítírójìn tí à ń pè ní ER (ibi tí ẹ́sítírójìn, họ́mọ̀nù obìnrin, ti ń di sẹ́ẹ̀lì mú) lè pòórá mọ́ àyẹ̀wò lójú. Kó má ju wákàtí 1 lọ kó tó wọ fọ́málìn 10%, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, kó sì wà níbẹ̀ fún wákàtí 6 sí 72. Bí àìsàn bá padà wá, ẹ tún òmíràn gé, torí ER lè ti kúrò lára rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ti egungun: ásíìdì líle tí wọ́n fi ń rọ̀ ọ́ lè pa ER rẹ́.

Dókítà:
Bí gbogbo ìyẹn bá mọ́, ó kan sẹ́ẹ̀lì. Ẹ́sítírójìn ni iná NEPA rẹ̀. Letrozole 2.5 mg tàbí anastrozole 1 mg ló ń já wáyà: wọ́n ń dí ẹ́ńsáìmù aromatase, tó ń ṣe ẹ́sítírójìn nínú ọ̀rá obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Bí jíìnì ESR1, tí ara fi ń ṣe ER, bá yí padà (Y537S àti D538G ló wọ́pọ̀ jù), ER ti ra jẹnẹrétọ̀ nìyẹn. Kò dúró de ẹ́sítírójìn mọ́. Oògùn kọ́ ló yí i o. Ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì tó ti yí ni oògùn ò rí pa, àwọn ló wá ń bí sí i. Ìdí nìyẹn tó fi ṣọ̀wọ́n nínú jẹjẹrẹ àkọ́kọ́, tó sì wọ́pọ̀ lẹ́yìn tí obìnrin ti pẹ́ lórí letrozole tí àìsàn sì ti tàn ká. A lè fi ẹ̀jẹ̀ wá a.

Ẹ má wulẹ̀ fi anastrozole rọ́pò letrozole níbẹ̀, wáyà kan náà ni méjèèjì ń já. Fulvestrant, oògùn abẹ́rẹ́, ń ba ER fúnra rẹ̀ jẹ́. Elacestrant 345 mg lójúmọ́, pẹ̀lú oúnjẹ, ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 fún irú ESR1 yìí gan-an.

Sẹ́ẹ̀lì míì gba ẹ̀yìnkùlé: jíìnì PIK3CA tó ti yí, tàbí HER2, olùgbà míì tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó máa pọ̀ sí i. Oògùn alpelisib wà fún PIK3CA, ṣùgbọ́n ó ń gbé ṣúgà sókè, ẹ yẹ ṣúgà wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù tí wọ́n fún ní letrozole nìkan ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe àgídí sẹ́ẹ̀lì. Ilé-ẹyin rẹ̀ ló ṣì ń tú ẹ́sítírójìn jáde. Abẹ́rẹ́ goserelin 3.6 mg lọ́jọ́ 28-28 ló máa pa á lẹ́nu mọ́.

Nọ́ọ̀sì:
Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ti fulvestrant kún un. 500 mg ni, abẹ́rẹ́ méjì, 5 mL ní ìdí ọ̀tún, 5 mL ní tòsì: ọjọ́ 1, 15, 29, lẹ́yìn náà oṣooṣù. Òróró lárà wà nínú rẹ̀, ó ki. Ẹ jẹ́ kí òtútù fíríìjì kúrò lára rẹ̀ kí ẹ tó gún un, kí ẹ fi ìṣẹ́jú 1 sí 2 tì í wọ inú iṣan ẹran. Abẹ́rẹ́ kúkúrú lè má kọjá ọ̀rá ìdí.