Kí ló ń jẹ́ kí báàlù tó ń fín oògùn sóko já níbi tó ti ń gbéra?

Ìyá Ìbejì Imọta:
Ẹ káàsán o ẹ̀yin ará. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Texas, ó ti gba láísẹ́ǹsì páílọ́ọ̀tì, ó wá ní báàlù tó ń fín oògùn sóko òwú lòun fẹ́ máa wà. Èmi náà ń dáko ní Imọta níbí, ẹ̀rọ tí mò ń gbé kọ́ ẹ̀yìn fín oògùn, lítà 16 ni, tó bá ti kún, ẹ̀yìn mi á mọ̀ ọ́n lára. Lánàá mo wo fídíò kan, báàlù yẹn ń sáré ṣáá, kò gbéra, ó lọ kó sínú àgbàdo. Mi ò rí oorun sùn. Ṣé ẹ́ńjìnnì ni?

Bàbá Ìjẹ̀dẹ́:
Ìyá Ìbejì ẹ pẹ̀lẹ́. Mo tún báàlù ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ́ńjìnnì lè kú lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo ẹrù ná. Ọ̀kan nínú àwọn báàlù tó ń fín oògùn ni Air Tractor AT-802, Olney ní Texas níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, ó ń gbé oògùn tó ju lítà 3,000 lọ, ìyẹn ẹ̀rọ ẹ̀yìn yín bíi 190, tọ́ọ̀nù mẹ́ta nìyẹn, báàlù náà lófìfo ò sì fi bẹ́ẹ̀ wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá gbé e sórí pápá koríko kúkúrú tí òjò ti rin, kí atẹ́gùn tún máa fẹ́ látẹ̀yìn. Ooru ńkọ́? Atẹ́gùn gbígbóná fúyẹ́, ìyẹ́ báàlù ò ní rí nǹkan gùn lé dáadáa, agbára ẹ́ńjìnnì náà á dín kù. Ooru 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n fi ń ṣírò bí báàlù ṣe máa gbéra létí ọ̀sà, tó bá di 33 bíi tọ̀dọ̀ wa, báàlù tó wà létí ọ̀sà á máa ṣe bí èyí tó wà lórí òkè tó ju ẹsẹ̀ bàtà 2,000 lọ.

Ọlọ́kọ̀ Bàyékù:
Bíi ọkọ̀ yanrìn wa náà ni, omi á ti máa lá etí ọkọ̀ ká tó kúrò lébùúté, wọ́n á ṣì ní ká bu ṣọ́bìrì kan sí i.

Bàbá Ìjẹ̀dẹ́:
Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ìyá Ìbejì, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá a sọ rèé: irin kan wà nítòsí páílọ́ọ̀tì, tó bá fà á, abẹ́ táńkì á ṣí gbayawu, oògùn á dà nù láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, báàlù á fúyẹ́. Kó múra o, torí imú báàlù á fẹ́ gbé sókè lójijì, àfi kó tì í wálẹ̀. Àánú oògùn ló ń pa àwọn míì, wọ́n á ní káwọn ṣì wò ó díẹ̀ sí i. Kó ti mú àmì kan lórí pápá kó tó sáré rárá, tó bá débẹ̀ tí báàlù ò tíì fẹ́ gbéra, kó fà á.

Ìyá Ìbejì Imọta:
Ẹ ṣé gan-an ni bàbá. Mo ti pè é. Ó ní wọ́n sọ fóun pé ọ̀gá ibẹ̀ máa ń yọ owó oògùn tẹ́nì kan bá dà nù nínú owó oṣù ẹ̀. Mo ní kó fà á, kó fi gbèsè yẹn sí mi lọ́rùn, ẹ̀gẹ́ mi ṣì wà lóko.